Àyíjù: Eré Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti ń gbé ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun gbé mọ́tò òun lọ sí Brands Hatch, pápá ìfọkọ̀díje tó wà ní agbègbè wọn, níbi tí ará ìlú ti lè sanwó kó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré lórí títì ìdíje. Kò bá ẹnikẹ́ni díje. Kò kọ lu nǹkan kan. Ó kàn ń yí gíà lójú títì tààrà tí wọ́n ń pè ní Brabham Straight ni ẹ́ńjìnnì bá ké tòò, ó dún gbàù, ọ́ìlì sì tú sílẹ̀. Àwọn tó ta ọkọ̀ náà fún un wo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló pa á. Ọmọ náà wá kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eré tí mo sá lọ́jọ́ yẹn ò ju èyí tí mo máa ń sá lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ní èmi ni mo pa á?"

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbé mọ́tò rẹ̀ wá fún mi tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì mi rí á rántí ìtàn Peugeot 504 mi. Ohun tí ọmọ yìí ṣe ní Brands Hatch, èmi náà ti ṣe é rí ní ọ̀nà Òkèehò, ó sì ná mi ní ohun tó ju owó lọ. Nítorí náà, mo ní kí n dá a lóhùn níbí, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi

Ní 1984, mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ lórí Òǹkò, ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ògùn. Ìsẹ́yìn ni mo fi ṣe ibùdó. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí Òkèehò, Ìlérò, Ìganná, títí dé Ṣakí, pẹ̀lú rékọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì kan, ìwé ìkọ̀wé kan, àti 504 àlòkù kan. Ẹ̀yin àgbà á rántí ọkọ̀ yẹn. Láti 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN ní Kaduna ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí 504 ò lè rìn sì ṣọ̀wọ́n. Ní 1975 yẹn kan náà ni Ove Andersson, ará Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya, lórí erùpẹ̀ àti ẹrẹ̀ tó burú ju ti ọ̀nà Òkèehò lọ. Ẹ ẹ̀ rí i pé n kò lè di ẹ̀bi ru ọ̀nà, n kò sì lè dì í ru ọkọ̀.

Baba àgbà kan wà ní Òkèehò, ọdẹ ni. Ó mọ orúkọ koríko ọ̀dàn lóríṣiríṣi, ó sì mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ò sọ mọ́. Mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì kásẹ́ẹ̀tì péré, a sì ti dá ọjọ́ tí màá padà wá fún èyí tó kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ àdéhùn, mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan, eré mi tó nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ni mo rí agbo màlúù tó ń sọdá níwájú. Mo tẹ bíréékì, ó rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ àgbà kan ti kọ́ mi pé bí bíréékì bá rọ̀, kí n fi gíà gba ọkọ̀ mú. Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Láti gíà kẹrin, gíà kẹta ló yẹ kí n bọ́ sí. Ṣùgbọ́n àyà mi ti ń já, ọwọ́ mi ṣì, gíà kejì ni mo ń tì í sí. Gíà náà kọ̀, ó ń hanni létí kẹrẹrẹ. Mo fi agbára tì í wọlé, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.

Igbe tí ẹ́ńjìnnì náà ké, mo ṣì lè fi ẹnu mi ké e lónìí. Ọkọ̀ fà sẹ́yìn lójijì, màlúù kọjá, kò sẹ́ni tó fara pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí n tó dúpẹ́ tán, mo gbọ́ tẹ́tẹ́tẹ́tẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ iná, ọkọ̀ ò lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ló fi okùn wọ́ mi padà sí Ìsẹ́yìn.

Mẹkáníìkì tó tú u níbẹ̀ ò tíì tú u tán tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Ẹ má bínú o, Tísà. Gíà wo lẹ jù ú sí?" N kò tíì sọ nǹkan kan fún un! Ó fa ọ̀pá méjì tó ń ti fáàfù yọ, méjèèjì ti tẹ̀ bíi kọ́kọ́rọ́ agbe. Fáàfù kan ti wọ́, ó sì ti fi àpá sórí písítìnì. Ó ní: "Irin ò mọ irọ́ pa, Tísà. Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ṣe èyí, ọwọ́ yín ni."

Ó pẹ́ kí gbólóhùn yẹn tó yé mi délẹ̀. Òun náà sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ tó wà ní Kent.

Eré ọkọ̀ yàtọ̀ sí yíyí ẹ́ńjìnnì

Nǹkan méjì ló ń yí nínú mọ́tò: táyà ń yí nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gíà ló wà láàárín wọn bí alárinà. Ní gíà kìíní, ẹ́ńjìnnì á yí lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń rí agbára gun òkè. Bí a ṣe ń gòkè láti gíà dé gíà, ẹ́ńjìnnì ń rí ìsinmi: eré kan náà, ṣùgbọ́n ìyípo rẹ̀ ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká fi 504 mi ṣírò. Ní kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ní gíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nǹkan bíi 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ìrọ̀rùn nìyẹn. Gíà kejì máa ń yí i ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, kí táyà tó dín eré rẹ̀ kù, ẹ́ńjìnnì tó ti ń yí ní 3,000 ni mo fipá mú yí ju 6,000 lọ. Ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀. Bó bá ti lé díẹ̀ ní 5,000, agbára rẹ̀ ti parí. Eré ọkọ̀ ò pọ̀ sí i rárá. Kódà, ó ń dín kù ni. Síbẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì kú.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ti Brands Hatch. Ká sọ pé ìlà pupa tó wà lójú aago ọkọ̀ kan wà ní 7,000, tí awakọ̀ sì wà ní gíà kẹta pẹ̀lú ìyípo 6,500. Ó fẹ́ bọ́ sí gíà kẹrin, níbi tí ìyípo á ti wálẹ̀ sí bíi 5,000. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí gíà wọn, gíà kẹta wà lókè láàárín, gíà kẹrin wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Gíà kejì wà nísàlẹ̀ náà, lápá òsì díẹ̀. Bí ọwọ́ bá fì sí òsì díẹ̀ bó ṣe ń fà á wálẹ̀, kejì ló wọ̀ yẹn. Dípò kí ìyípo wálẹ̀ sí 5,000, ó lè fò lọ sí 9,500. Ìwọ̀nba ìka méjì ló wà láàárín gíà tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára àti gíà tó ń pa á.

Mo fẹ́ ká pe èyí ní àyíjù. Èdè wa ti ní àṣejù, àjẹjù àti àsọjù. Kò sí ohun tó ní ká má fi àyíjù kún wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ohun tí àyíjù ń ṣe sí irin

Ẹ rántí kànnàkànnà tí a fi ń lé ẹyẹ lóko ọkà. Bí ẹ bá fi òkò sínú rẹ̀, tí ẹ sì ń fì í yí po, ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé òkò náà ń fa okùn. Bí ẹ bá wá fì í ní ìlọ́po méjì eré yẹn, fífà náà kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Òfin yìí ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá gbé ìyípo láti 3,000 sí 6,000 ti sọ ìnira irin di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ wo písítìnì. Nínú 504 mi, mìlímítà 81 ló ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ìyípo 6,000, kíráǹkì ń yí ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Písítìnì sì gbọ́dọ̀ dúró pátá lókè, kó dúró pátá nísàlẹ̀, ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, kó sì tún máa sáré láàárín. Ní góńgó òkè, bó ṣe fẹ́ yí padà, agbára tó fi ń fa kọ́nróòdù ju ìlọ́po 2,000 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Bí písítìnì bá wọ̀n ní ìdajì kílò, ó dà bí ẹni pé ẹ so màlúù mẹ́ta mọ́ ọ̀pá tí kò ju apá ọmọdé lọ, ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn bóòtù tó di kọ́nróòdù mú ló ń jẹ gbogbo ìyà yìí. Bí wọ́n bá nà ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kì í padà sípò. Bí ọ̀kan bá já, kọ́nróòdù á lu ara ẹ́ńjìnnì jáde. Gbàù tí ọmọ yẹn gbọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ́ìlì gbà tú.

Ti fáàfù tún yàtọ̀. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Káàmù ló ń ṣí i, sípíríǹgì ló ń tì í padà. Ẹni tó bá ti wo ahunṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn rí, èyí á tètè yé e. Ahunṣọ á fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀, òwú á là sí méjì, á sì ju ọ̀kọ̀ gba àárín rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọwọ́ bá yá ju bí òwú ṣe ń là lọ, ọ̀kọ̀ á há, òwú á já. Bẹ́ẹ̀ náà ni písítìnì àti fáàfù: bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì gbọ́dọ̀ ti yà fún un. Ní ìyípo 6,000, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń tì, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá yí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì ò ní lè yára tó láti dá fáàfù padà. Fáàfù á wà ní ṣíṣí, písítìnì á bá a níbẹ̀, á sì gbá a. Nínú 504, káàmù wà nísàlẹ̀, ọ̀pá gígùn ló sì fi ń ti fáàfù lókè. Irin tó ń lọ tó ń bọ̀ pọ̀, ó wúwo, ara rẹ̀ ò yá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pá méjì ló tẹ̀ kí kọ́nróòdù tó rí ojú tèmi.

Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì. Kíráǹkì kì í fara kan mẹ́tàlì tó gbé e dúró. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wọn. Bí ìyípo bá pọ̀ jù, ìgbóná á pọ̀, fífà kíráǹkì á lágbára, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ yẹn á sì ya. Bí irin bá ti fara kan irin, ìṣẹ́jú mélòó kan tó láti ba mẹ́tàlì jẹ́. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "ó ti nọ́ọ̀kì" nìyẹn. Ní pápá ìfọkọ̀díje, ewu mìíràn tún wà. Kọ́nà gígùn tí a fi eré yí máa ń da ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọ́ìlì-páànù, bí omi inú igbá ṣe ń fì bí aláàárù bá yára yà. Bí ọ́ìlì ò bá kún tó, ẹnu ọ̀pá tó ń fà á á máa fa afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń sáré lọ́nà Ìbàdàn lè má mọ̀ pé ọ́ìlì òun ti dín. Ẹni tó wà ní kọ́nà pápá ìdíje á mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ẹsẹ̀, kò ṣọ́ ọwọ́

Ọmọ mi tún bi mí pé: "Ṣebí ọkọ̀ òde òní ní ohun tó ń dá ìyípo dúró, sà?" Ó ní in lóòótọ́. Bí ẹ bá wà ní gíà kan, tí ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ títí ìyípo fi dé ìlà pupa, kọ̀ǹpútà á gé epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á máa ṣe gbẹ̀-gbẹ̀-gbẹ̀, kò ní lọ sókè mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbà wá lọ́wọ́ ẹsẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá já ọkọ̀ sí gíà tó kéré jù, epo kọ́ ló ń yí ẹ́ńjìnnì mọ́. Táyà ló ń yí i. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ gba inú gíà kọjá, ó di kíráǹkì mú, ó ní kó yí. Kọ̀ǹpútà lè gé epo, ó lè gé iná. Ohun tó gé kọ́ ló ń ti ẹ́ńjìnnì. Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú nígbà tí olè ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun tí mẹkáníìkì Ìsẹ́yìn sọ fún mi nìyẹn: ẹsẹ̀ yín kọ́, ọwọ́ yín ni.

Ohun kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà lè ṣe nígbà yẹn ni kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Porsche, fún àpẹẹrẹ, ti ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí kọjá ààlà àti bó ṣe kọjá a tó. Àwọn tó ń ra àlòkù rẹ̀ a sì máa bèèrè àkọsílẹ̀ yẹn kí wọ́n tó sanwó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti rí ìyípo tí ẹsẹ̀ ò lè mú wá, ó ti mọ̀ pé ọwọ́ ló mú un wá. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi san owó fún ọmọ yìí. Mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ̀ bí a bá ní kí wọ́n bọ́ sí gíà tó máa mú ẹ́ńjìnnì yíjù.

Ohùn ẹ́ńjìnnì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè rèé. 504 mi ò ní aago ìyípo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó ń ná ọ̀nà Ṣakí dòní ni aago tiwọn ti kú, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní in. Báwo wá ni awakọ̀ ṣe ń mọ̀? Etí ni.

Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ń gbiná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní 3,000, ìgbà 100 ló ń gbiná ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 6,000, ìgbà 200. Ẹ wá gbọ́: ohùn ọkùnrin, nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, sábà máa ń gbọ̀n láàárín ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin máa ń tó nǹkan bíi 200. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá kúrò ní 3,000 lọ sí 6,000, ó ti kúrò lóhùn bàbá, ó ti bọ́ sóhùn ìyá. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ nípa ohùn nìkan, ṣé ó wá yẹ kí ẹ́ńjìnnì ké tó bẹ́ẹ̀ kó má gbọ́?

Àwọn mẹkáníìkì gbọ́ ọ ju wa lọ. Nígbà tí mo ń dúró de ọkọ̀ mi, mo ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe fáàfù lókè, wọ́n á ní ó ń dún tẹ́tẹ́tẹ́, ohùn òkè, kíákíá. Bí ó bá jẹ́ kọ́nróòdù tàbí mẹ́tàlì nísàlẹ̀, wọ́n á ní ó ń dún gbọ̀gbọ̀gbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ó wúwo. Èdè wa máa ń fi ohùn òkè ṣàpèjúwe ohun kékeré tó yá, ó sì máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ ṣàpèjúwe ohun ńlá tó wúwo. Ẹni tó bá pe mẹkáníìkì lórí fóònù, tó sì sọ ọ́ bó ṣe dún gan-an, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún un. Tẹ́tẹ́tẹ́ lè fún yín láyè láti rọra wá ibi gúnlẹ̀ sí. Gbọ̀gbọ̀gbọ̀ kò fúnni láyè rárá: ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Nílé wa níbí

Ẹ má rò pé pápá ìdíje nìkan ni àyíjù wà. Ní Òkè-Ògùn, bí ọlọ́kadà kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé òkú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á máa tẹ iná lórí ìdúró títí gbogbo ìlú á fi mì. N kò bá wọn wí. Bí wọ́n ṣe ń sunkún ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù, tí kò sì wà nínú gíà, kò ní ohun tó ń dì í mú. Ojú ni a ó fi ṣẹ́ tí ìyípo rẹ̀ á ti kọjá ibi tó yẹ. Ìdúró sì ni, atẹ́gùn kankan ò fẹ́ sí i. Ọ̀kadà yẹn kan náà ló máa wá oúnjẹ ọmọ lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà ọyẹ́ náà rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn ní Ṣakí lóṣù Ṣẹẹrẹ mọ bí òwúrọ̀ ibẹ̀ ṣe ń tutù tó. Ọ́ìlì á ki, kò ní tètè dé òkè ibi tí fáàfù wà. Ẹni tó bá ta ọkọ̀ jí, tó sì tẹ iná fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó lè "móoru", ń fi irin ha irin ni. Ẹ jẹ́ kó máa rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa wà á jẹ́jẹ́ títí yóò fi móoru. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tókúnbọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá yíjù tí kò sì kú lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó bọ́. Bóòtù tó ti nà ń bẹ níbẹ̀. Fáàfù tó ti tẹ̀ díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ó dà bí okùn tí fọ́nrán rẹ̀ kan ti já nínú: ó lè fa omi lọ́dún kan sí i, kó wá já lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Bí ti ọ̀kan bá rẹlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ìbéèrè wà níbẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín

Bí gíà bá ṣì yín lọ́wọ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ sáré tẹ̀, kì í ṣe bíréékì nìkan. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ má sì ta á jí láti "gbọ́ bó ṣe ń dún." Títa jí yẹn ló máa ń sọ fáàfù títẹ̀ kan di odindi ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ. Kí mẹkáníìkì wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀, kó sì da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ mímọ́, kó gbé e sóòrùn: bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí wúrà tàbí fàdákà nínú rẹ̀, mẹ́tàlì ti ń jẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ló ṣáájú. Ẹ má fi gbogbo agbára di ọ̀pá gíà mú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, kó wá ojú ọ̀nà ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi gíà gba ọkọ̀ mú ní ìdàgẹ̀rẹ̀, gíà kan ni kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí eré sì kọ́kọ́ dín. Bí gíà bá sì kọ̀, ẹ má fipá mú un. Ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Èyí tí mo fipá mú lọ́jọ́ náà kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń wá owó àti ohun èlò láti Ìbàdàn kí ọkọ̀ mi tó dìde. Bí mo ṣe padà dé Òkèehò, wọ́n ti sin baba ọlọ́dẹ náà, ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́jọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní àga baba wọn láti jókòó. Mo bi wọ́n ní orúkọ koríko mẹ́ta tí baba dárúkọ nínú kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Wọn ò mọ ọ̀kankan. Ìdajì kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ìdajì kejì rẹ̀ ṣófo títí dòní.

Nítorí náà, ọmọ mi ní Kent, tìrẹ ṣì sàn. Irin lo pàdánù, irin sì ṣeé rà.

Ẹ̀yin yòókù, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò yín, ẹ bi í pé báwo ni ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì ṣe ń dún, àti èyí tí fáàfù rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe fi ẹnu sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì sọ ìlú rẹ̀ fún mi. Ẹ tètè ṣe é o.